Ọmọ Tí A Fi Sílẹ̀ ní Géètì

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi ní géètì ilé-iṣẹ́ bisikíìtì yẹn ni pé mi ò bímọ.

"Gbọ́ mi dáadáa, ìyá kékeré," ni obìnrin tó wà níwájú mi lórí ìlà wí. Mi ò tíì kí i tán tó ti mọ̀ pé abiyamọ ni mí. Ó ní òórùn páúdà ọmọ ń bọ̀ lára mi. "Tí o bá wọlé tọ̀ wọ́n lọ, tí wọ́n bá bi ọ́, o ò bímọ. O ò lóyún rí. Ọmọ gan-an, o ò fẹ́ràn ẹ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́, àǹtí?"

"Èmi? Mẹ́rin." Ó wá rántí ara rẹ̀. "Níta níbí ni mo ti bí mẹ́rin o. Tí mo bá ti kọjá géètì yẹn, wúńdíá ni mí."

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ga, ó sì sanra, ó ti lé ní ọdún márùndínlógójì dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ sì rí bí ọwọ́ ẹni tó ti wẹ ọmọ títí omi fi sú u. Ẹni tó bá máa pè é ní wúńdíá ní láti kọ́kọ́ di ojú. Tísà la máa ń pè é, torí pé láti Sango títí wọ inú Ọ̀tà, kò sí géètì ilé-iṣẹ́ tí kò tíì dúró sí rí, gbogbo ohun tó sì rí níbẹ̀ ló fi ń kọ́ àwa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn fẹ́ràn kó máa sọ̀rọ̀ ni.

Mi ò bá a jiyàn, torí ojú mi ti rí i rí. Lẹ́yìn tí mo jáde ìwé mẹ́wàá, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀rá ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, lábẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan tó máa ń kó àwa obìnrin wọlé láàárọ̀ bí ẹni ń kó ẹran. Ọjọ́ tí ikùn mi yọ síta ló gba aṣọ iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n lọ sinmi. Mo sinmi títí, kò sẹ́ni tó pè mí padà.

Nítorí náà, ohun tí mò ń wá lọ́tẹ̀ yìí kò ju káàdì lọ. Káàdì tí wọ́n máa ń fi okùn kọ́ sọ́rùn, tí àwòrán ẹni wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ní i kì í ṣe ti agbaṣẹ́ṣe mọ́, ti ilé-iṣẹ́ ni. Bó bá lóyún, á lọ bí i, á sì padà wá bá iṣẹ́ rẹ̀ níbi tó fi í sí. Ọkọ mi ń jó irin, àmọ́ iná mànàmáná àdúgbò wa ní Itele máa ń dé bí àlejò ni, kì í sì í pẹ́ lọ. Ìyá mi ti fi oko rẹ̀ sílẹ̀ lábúlé wá bá mi gbé ọmọ. Ọmọ náà, obìnrin, jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́sàn-án nígbà náà. Gbogbo wa ló ń wo ọ̀nà káàdì yẹn.

Ẹ má rò pé wọ́n pè wá wọlé lọ́jọ́ kan kí wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Ọjọ́ kìíní, lẹ́tà la mú wá. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì kó gbogbo ẹ̀ sínú àpò ìrẹsì, ó so ó lẹ́nu, ó ní ká máa lọ. Mo wo àpò yẹn pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Bàbá ọ̀hún lè fi dáná.

Ọjọ́ kejì, wọ́n pè wá fún ìdánwò orí ìwé. Ìṣirò díẹ̀ wà níbẹ̀, èyí tó dùn mọ́ mi, ìbéèrè kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ pé níbo la ti rí ara wa ní ọdún márùn-ún sí i. Mo kọ ọ́ pé nínú ilé-iṣẹ́ yín ni, sà. Ọmọbìnrin tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi kọ Kánádà. A ò rí i mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Bóyá ó ti lọ.

Ọjọ́ kẹta, a dúró títí oòrùn fi kan àtàrí wa, wọ́n wá ní ọ̀gá tó fẹ́ rí wa ti rin ìrìn-àjò. Tísà bi bàbá géètì pé ìgbà wo lọ̀gá lọ.

"Lánàá."

"Ìgbà wo lẹ wá pè wá?"

"Lánàá náà ni."

"Ẹ ṣeun, bàbá. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọ̀gá máa lọ, kó máa bọ̀."

Bàbá ṣe àmín, kò mọ̀ pé wọ́n ń bú òun.

Ọjọ́ kẹrin ló dára jù. Wọ́n mú wa dé ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń yan bisikíìtì, wọ́n ní ká máa kó o sínú páálí lórí ìdúró, ẹnì kan sì ń wo aago. Òórùn fàníílà gba gbogbo ibẹ̀. Ebi ń pa mí, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi yá. Ẹni tó bá ti ń wọ nápíìn fún ọmọ tó ń yí gbirigbiri kì í bẹ̀rù bisikíìtì tó dúró sójú kan. Wọ́n mú èèyàn méjìlá nínú wa. Èmi wà níbẹ̀, Tísà náà wà níbẹ̀. Íńtáfíù tó kẹ́yìn ku ọ̀sẹ̀ kan.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ọkọ mi ní òun máa fún mi ní ìdánrawò. Ó jókòó sórí àpótí, ó wọ ẹ̀wù tó fi máa ń lọ Jímọ́ọ̀, ó mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ wa dání bíi fáìlì. Ó há ohùn rẹ̀ sọ́fun bí ọ̀gá.

"Màdáámù, ṣé ẹ bímọ?"

"Rárá, sà."

Ọmọ tí mi ò bí náà jókòó sórí ẹsẹ̀ mi, ó ń fa bọ́tìnnì ẹ̀wù mi já. Àfi bí ìyá mi ṣe yọ lójú ilẹ̀kùn, tòun ti abọ́ ògì lọ́wọ́.

"Kí lo sọ?"

"Eré ni, Màmá. A ń dánra wò ni."

"Aúsùbiláhì! Ṣé ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀? Tutọ́ ẹ dànù! Ẹ̀yin náà, àna mi, ẹ tutọ́!"

Ọkọ mi, tó máa ń sọ lójoojúmọ́ pé òun ò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́, òun ló kọ́kọ́ sáré dé ojúde tó tutọ́.

Ìyá mi gbé abọ́ sílẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó fẹ́ fọwọ́ kan iná. "Àwọn tó ń fi omijé wá a, ṣé o mọ̀ wọ́n? Àbúrò mi obìnrin gbààwẹ̀ lórí ẹ̀ títí irun fi funfun lórí ẹ̀. Ìwọ, wọ́n fún ọ, o ní wọn ò fún ọ. Tí Ẹni tó fún ọ bá ní, ó dáa, a ti gbọ́, ńkọ́?"

Ọkọ mi ló dá sí i, ó ní, "Màmá, ká ní wọ́n bá a lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ, ṣé ó lè sọ pé àbúrò òun ni?"

Ìyá mi rò ó wò. "Ìyẹn ṣe é sọ. Wọ́n lè pe ọmọ ní àbúrò, wọ́n lè pè é ní ìyá, wọ́n lè pè é ní ọkọ. Kò sí èyí tí kò ní í jẹ́. Àmọ́ kéèyàn ní kò sí? Rárá. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mo jẹ, òun náà la fi ń kọ mi ò jẹ. Má fi tìẹ kọ èyí tó burú."

Ohun tí ìyá mi ò mọ̀ ni pé kò sí ẹni tó máa bi mí léèrè àbúrò.

Nígbà tí ọjọ́ íńtáfíù pé, àwa méjìlá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta ọ́fíìsì kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ gíláàsì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń wọlé, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jáde, ojú gbogbo wọn ń dán. Tísà ni ẹni kọkànlá. Nígbà tó jáde, ó ṣẹ́jú sí mi, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó sì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Wúńdíá."

Èmi ló kẹ́yìn, aago mẹ́wàá sì ti lù. Aago mẹ́wàá ni ọmọ mi máa ń mu ọmú. Ọmú ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní íńtáfíù. Mo ti fi áńkáṣíìfù méjì sí i láti ilé, àmọ́ kí wọ́n tó pè mí, mo ti mọ̀ ọ́n lára pé áńkáṣíìfù ò lè gbà mí. Mo gbé fáìlì mi bo àyà bí ọmọ ilé-ìwé tó ń lọ gba ẹgba, mo wọlé.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà alágbèéká, obìnrin kan sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó wọ awò ojú. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ bí ọyẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, obìnrin náà ní kí n dìde, pé orí àga ni wọ́n ti ń ṣe íńtáfíù. Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí nípa ara mi, mo ka èyí tí mo ti há sórí. Wọ́n bi mí pé kí ni àléébù mi. Tísà ti kọ́ wa ní èyí náà. Mo ní, "Àléébù mi ni pé..."

"O máa ń ṣiṣẹ́ jù," ni ọkùnrin náà bá mi parí ẹ̀, kò gbójú sókè. "Gbogbo àwọn tó ti wọlé láàárọ̀ yìí, àrùn kan náà ló ń ṣe wọ́n."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. "Ṣé o bímọ?"

Mo la ẹnu. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ó ti wà lórí ahọ́n mi, kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Mo rí ìyá mi pẹ̀lú abọ́ ògì. Mo rí àbúrò rẹ̀ tó gbààwẹ̀. Àyà mi rin gbindin lẹ́yìn fáìlì.

"Mo bímọ, mà."

"Á dàgbà," ni obìnrin náà wí. Kò rò ó kó tó sọ ọ́, bó ṣe máa ń jáde lẹ́nu gbogbo wa ni.

"Àmín," ni ọkùnrin náà wí lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Èmi náà ṣe àmín. Bí àwa mẹ́ta ṣe fi àdúrà dá íńtáfíù dúró nìyẹn.

Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Èèyàn mọ́kànlá ló ti kọjá níwájú mi. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó bímọ. Mo ti ń rò ó pé kí ló ń ṣe àwọn obìnrin Ọ̀tà." Ó wo fọ́ọ̀mù iwájú rẹ̀. "Oṣù mélòó ni?"

"Mẹ́sàn-án, mà."

Ó fi ẹ̀yìn tì. Ó ṣàlàyé fún mi pé àwọn tí wọ́n fẹ́ mú báyìí, iṣẹ́ òru ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀. Òfin ilé-iṣẹ́ sì ni pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò bá tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ òru. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á dúró de ìgbà tí wọ́n bá tún ń gba èèyàn, ìyẹn bí wọ́n bá tún gbà.

"Ìdí tí a fi ń béèrè nìyẹn," ló wí. "Kì í ṣe pé a kórìíra ọmọ. Àmọ́ mi ò tíì kọ nǹkan kan síbẹ̀." Ó fi ẹnu bírò kan àyè kan tó ṣófo lórí fọ́ọ̀mù. "Tí mo bá kọ pé o bímọ, o máa dúró. Tí mo bá kọ pé o ò bímọ, o máa bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Kí ni kí n kọ?"

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan lábẹ́ tábìlì. Mo mọ̀ pé kò sọ nǹkan kan nù.

Mo gbìyànjú ọ̀nà kẹta. "Mà, ṣé ẹ lè kọ ọ́ pé ó ti pé ọdún kan?"

"Ṣé torí pé mo gbé bírò lọ́mọ á fi dàgbà?"

"Ó máa ń jẹun dáadáa, mà."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín gan-an, àmọ́ kò gbé bírò kúrò níbi tó wà. Ó ń dúró dè mí. Káàdì tí mò ń wá nìyẹn, ó ku ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, òun fúnra rẹ̀ á sì bá mi kọ ọ́. Mi ò tiẹ̀ ní fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

Mi ò ní parọ́ pé ìwà ọmọlúàbí ló bò mí mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí. Ọmú ń dùn mí, mo sì fẹ́ lọ sílé. Mo wá rò ó pé, tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí, ibẹ̀ náà ló máa wà. Fáìlì kì í gbàgbé. Ọmọ mi á dàgbà, á lọ ilé-ìwé, ilé-iṣẹ́ kan á sì wà ní Ọ̀tà níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kò sí láyé.

"Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà, mà."

Ó kọ ọ́.

Tísà ń dúró dè mí lójú géètì. Nígbà tó gbọ́, ó di orí mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "O sọ? O sọ fún wọn? Gbogbo bí mo ṣe kọ́ ọ! Ìwọ ọmọ yìí, wọ́n bí ọ ire jù. Wọ́n bí ọ ire débi tó fi di àìsàn."

Mo dé Itele pẹ̀lú ẹ̀wù tó rin, mo sáré wọlé láti fún ọmọ lọ́mú. Ọmọ tí mo tìtorí ẹ̀ pàdánù iṣẹ́ ti mu ògì yó, ó ti sùn, ó la ẹnu sílẹ̀. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé mo jáde.

Ìyá mi ní mo ṣe dáadáa. Ó ní Ọlọ́run ti rí mi. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé ṣé mi ò ní jáde lọ wá iṣẹ́ ni.

Tísà ló pè mí lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e láti ròyìn àyẹ̀wò ara. Ó ní ìyá àgbà kan ni nọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ náà, àti pé ó ní kí àwọn mọ́kànlá dùbúlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kóun lè tẹ̀ wọ́n níkùn. Nígbà tó kàn án, nọ́ọ̀sì náà dúró, ó wo ikùn rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Ta ló ya máàpù sí ọ níkùn báyìí?"

"Mo sanra tẹ́lẹ̀ ni, mà. Mo wá jò."

"O jò?" Nọ́ọ̀sì náà wò ó látòkè délẹ̀. "Ìgbà wo?"

Tísà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́ lórí fóònù. Ó ní nọ́ọ̀sì náà kàn mi orí ni, ó sọ pé kò tíì sí ilé-iṣẹ́ tó ní wúńdíá tó báyìí, ó sì ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n gba gbogbo wọn. Inú mi dùn fún un. Inú mi tún bàjẹ́. Méjèèjì lè wà nínú èèyàn kan náà, wọn ò sì ní bá ara wọn jà.

Láti ìgbà náà, mo máa ń rí bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ náà ní ìrọ̀lẹ́ tó bá ń kó wọn lọ síbi iṣẹ́. Tísà á yọ orí, á ké sí mi lójú pópó pé, "Ìyá ọmọ!" Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àmọ́ mi ò lè sọ pé irọ́ ló pa. Ọmọ wà lẹ́yìn mi, èmi náà á juwọ́ sí i.

Oṣù kẹta lẹ́yìn náà, ọmọ mi pé ọdún kan. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, fóònù dún, wọ́n ní wọ́n tún ń gba èèyàn, kí n máa bọ̀. Mo rò pé káàdì ni mò ń lọ gbà. Bàbá géètì gbé àpò ìrẹsì jáde.

"Lẹ́tà."

"Bàbá, mo ti mú lẹ́tà wá nígbà yẹn."

"Ìgbà yẹn, ìgbà yẹn ni."

A tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Lẹ́tà, ìdánwò, bisikíìtì, ọ̀gá tó rin ìrìn-àjò. Wọ́n tún bi mí pé níbo ni mo ti rí ara mi ní ọdún márùn-ún sí i. Mo kọ ọ́ pé níwájú géètì yín. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ obìnrin aláwò ojú, kò béèrè àléébù kankan lọ́wọ́ mi.

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ó ti ń rìn, mà. Ó fọ́ abọ́ ìyá mi lánàá."

"Á dàgbà." Ó kọ nǹkan, ó tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Bí mo ṣe gba káàdì nìyẹn. Nínú àwòrán orí rẹ̀, mo rí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jí ẹja.

Wọ́n ti gbé Tísà àtàwọn tí wọ́n jọ wọlé kúrò ní iṣẹ́ òru sí ti àárọ̀ nígbà náà, wọ́n sì fi mí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí bisikíìtì ti ń rọ́ wá lórí bẹ́líìtì. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ èdè kan tí mi ò gbọ́ rí. Gbogbo àwọn obìnrin mọ́kànlá tí kò bímọ ló ní àbúrò. "Àbúrò mi ò jẹ́ kí n sùn, eyín ló ń hù lẹ́nu ẹ̀." "Àbúrò mi ti já lẹ́nu ọmú." Ẹnì kan ní àbúrò òun jọ ọkọ òun bí imú. Wọ́n ń sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín, torí pé sùpáfáísọ̀ máa ń rìn lẹ́yìn wa. Èmi nìkan ló lè sọ "ọmọ mi" sókè. Nígbà míì mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́. Tísà á fi ìgúnpá gún mi.

Lọ́jọ́ kan báyìí, wọ́n wá pe Tísà síta láti gbọ́ fóònù. Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ ti yí. Wọ́n pè é láti ilé-ìwé pé àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ṣubú lórí ògiri, ó kán lápá, wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó sì ń sunkún ìyá ẹ̀. Ó lọ bá sùpáfáísọ̀. Mo ń gbọ́ wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ tètè lọ. Àbúrò mi kán lápá."

Sùpáfáísọ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn wo ìwé ọwọ́ rẹ̀ ni. "Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn la lè fún láàyè. Ti àbúrò ò sí níbẹ̀. Àbúrò yín ò ní ìyá ni?"

Tísà, ẹni tí mi ò tíì rí kí ọ̀rọ̀ wọ́n lẹ́nu rẹ̀ rí, yí ẹ̀yìn padà. Ó padà sídìí bẹ́líìtì. Ó mú bisikíìtì, ó fi sínú páálí, ó tún mú òmíràn, ó fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọ́fíìsì."

"Wọ́n máa lé mi. Mo fọwọ́ sí i pé mi ò bí nǹkan kan."

"Tí wọ́n bá lé yín ńkọ́? Ọmọ ń sunkún yín."

Ó wò mí. Ó nu ọwọ́ méjèèjì sára aṣọ iṣẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kíákíá tó jẹ́ pé sáré ni mo fi ń tẹ̀ lé e. Mo sọ fún sùpáfáísọ̀ pé ọ́fíìsì ló pè wá. Irọ́ ni, àmọ́ irọ́ yẹn ò kan ọmọ ẹnikẹ́ni.

Obìnrin aláwò ojú nìkan ló wà níbẹ̀. Tísà ò dúró kó ní kó jókòó. Orí ilẹ̀ ló kúnlẹ̀ sí tòun ti bí ó ṣe sanra tó.

"Mà, mo bímọ. Mẹ́rin ni. Mo parọ́ nígbà tí ẹ bi mí. Èyí tó kéré jù wà nílé ìwòsàn báyìí, ó kán lápá, mi ò sì lè lọ bá a torí mo ní kò sí. Tí ẹ bá máa lé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lé mi kíákíá kí n lè tètè máa lọ."

Obìnrin náà dìde, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó wá fáìlì títí, ó rí i, ó ṣí i sórí tábìlì. Mo rí àyè yẹn lórí fọ́ọ̀mù, mo rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Ó fi bírò fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá.

"Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi láti ọjọ́ kìíní," ló wí. "Mo ń dúró de ìgbà tí ẹ máa rántí ni. Ẹ dárúkọ wọn."

Tísà dárúkọ wọn lórí ìkúnlẹ̀, látorí àkọ́bí tó ti pé ọdún mẹ́tàlá títí dé orí èyí tó kán lápá, ó ń kà wọ́n bí ẹni tó ń ka kéú. Obìnrin náà kọ gbogbo rẹ̀, ó ya ìwé pélébé kan tó máa fi kọjá ní géètì, ó sì nà án sí i.

"Ẹ dìde, ẹ máa lọ bá ọmọ yín."

Nígbà tí Tísà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ni obìnrin náà tún pè é. Ó ti wọ awò rẹ̀ padà, ó sì wo fáìlì náà, níbi tí ọmọ mẹ́rin ti dé láàárín ìṣẹ́jú kan.

"Ẹ kú ewu ọmọ o," ló wí.